Nígbà tí Ayélujára Bá Ń Wọ́: Abúlé, Deptford àti Ọ̀nà tí Ohùn Yorùbá Ń Gbà

Ẹni tó bá rìn gba òpópónà Deptford High Street ní ọjọ́ Sátidé yóò gbọ́ Yorùbá kí ó tó dé ìdajì ọ̀nà. Yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń ná iṣu, lẹ́nu ẹni tó ń bèèrè ẹja gbígbẹ, àti lẹ́nu òbí tó ń bá ọmọ wí. Bí ó bá tẹ́tí sí èsì ọmọ náà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò gbọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ìdílé kan ní Deptford, Peckham àti agbègbè wọn fi ń wá olùkọ́ fún àwọn ọmọ wọn lórí ayélujára, tí àwọn mìíràn sì gbára lé olùkọ́ tí kì í gba owó oṣù: ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà tó wà nílé.

Bí ìyá àgbà náà bá wà ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, ìpè aláwòrán lè lọ geere. Bí ó bá wà ní abúlé kan láàrin Ìgbòho àti Kíṣí, ní Òkè-Ògùn, ọ̀rọ̀ lè yí padà. Àwòrán yóò dúró gbagidi, ẹnu ìyá àgbà yóò là sílẹ̀ lójú fóònù láìpadé, ohùn rẹ̀ yóò já sí wẹ́wẹ́, ọmọ yóò sì dìde lọ síbi eré rẹ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, ìdílé náà kò ní gbìyànjú mọ́.

Ohun tó sọnù níbẹ̀ ju wákàtí kan lọ. Ẹ̀ka-èdè Oǹkò tí ìyá àgbà ń sọ kò sí nínú ìwé tí ọmọ náà fi ń kẹ́kọ̀ọ́, nítorí Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọ́n fi kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, bí ó sì ti yẹ kó rí nìyẹn. Àwọn ẹ̀ka-èdè tí ilé-ìwé kò fi kọ́ni, inú abúlé ni wọ́n ti fìdí múlẹ̀ jù, inú abúlé náà sì ni ayélujára ti ń wọ́ jù. Láìsí ẹni tó jókòó pinnu rẹ̀, ìyára ayélujára ti wà lára ohun tó ń yan irú Yorùbá tí ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò gbọ́. Ó yẹ kí a mọ ibi tí ìdíwọ́ náà wà gan-an, kí a tó mọ bí a ṣe lè yà fún un. Deptford fúnra rẹ̀ sì ní ìtàn lórí èyí, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀ kò tíì gbọ́.

Ibi tí ọ̀nà ti há

Ará abúlé máa ń sọ pé nẹ́tíwọọkì kò dára, bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo ni nẹ́tíwọọkì. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀rọ̀ tó kúrò ní Deptford ń gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá kí ó tó dé Òkè-Ògùn, ọwọ́ kan ṣoṣo tó bá lọ́ra nínú wọn sì ti tó láti fa gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn.

Apá tó dà bí ẹni pé ó jìnnà jù ni ó yá jù. Lábẹ́ òkun ni àwọn okùn onígíláàsì ti ń gbé ìmọ́lẹ̀ láti Yúróòpù wá sí Èkó. Glo-1 gbéra láti Bude ní Cornwall, MainOne gbéra láti ilẹ̀ Potogí. Ọdún 2010 ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Equiano, tí Google náwó sí, gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022. Nínú irú okùn bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi 200,000 kìlómítà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí okùn náà bá gùn tó 7,000 kìlómítà, ìrìn-àjò rẹ̀ láti òpin kan dé èkejì kò gbà tó ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Òkun náà máa ń ṣe tirẹ̀ nígbà mìíràn: ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan, àwọn ará Èkó sì fojú winá ohun tí ará oko ti fi ṣe ìgbé ayé. Ṣùgbọ́n irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Láti Èkó, okùn onígíláàsì ń bá ojú títì lọ sí àwọn ìlú ńlá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ọ̀pọ̀ òpó nẹ́tíwọọkì tó wà ní ìgbèríko ni okùn kò dé ìdí wọn. Ìgbì rédíò ni wọ́n fi ń ju ọ̀rọ̀ láti òpó kan sí òpó kejì, títí yóò fi dé ibi tí okùn wà. Bí òpó mẹ́rin bá wà lójú ọ̀nà, gbogbo abúlé tó yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká ni yóò jọ pín ohun tí ọ̀nà kan ṣoṣo náà lè gbà. Òpó náà ń fẹ́ iná pẹ̀lú. Níbi tí iná ìjọba kò dé, bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé e ró. Bí epo bá tán, tí ọkọ̀ tó ń gbé e kò tètè dé nítorí ọ̀nà tó bàjẹ́, gbogbo àdúgbò yóò dákẹ́.

Òkè-Ògùn tún ní àpáta. Ìgbì rédíò tó gùn, bíi ti 900 megahertz, ń rìn jìnnà, ó sì lè yí ara òkè ká díẹ̀. Èyí tó kúrú, bíi ti 2,600 megahertz, ń ru ẹrù púpọ̀ ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà, òkè sì tètè máa ń dá a dúró. Nítorí náà ni fóònù kan náà fi lè fi àmì 4G hàn ní àárín ìlú, tí yóò sì já sí lẹ́tà E nígbà tí ẹni tó ni ín bá dé oko. E yẹn ni EDGE, ọ̀nà àtijọ́ tó ń gba nǹkan bíi 100 kílóbíìtì láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tí ara rẹ̀ bá yá díẹ̀.

Ètò ayélujára tí ìjọba Nàìjíríà gbé kalẹ̀ fún 2020 sí 2025 sọ pé ó yẹ kí ìgbèríko ní ó kéré tán mẹ́gábíìtì 10 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ìlú ńlá sì ní 25. Láti oṣù kẹta 2020, mẹ́gábíìtì 10 kan náà ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe ìwọ̀n tó kéré jù tí onílé lè béèrè fún. Nọ́ńbà náà bára mu, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí ènìyàn lè béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ àti ibi tí ètò ń retí láti dé kì í ṣe ohun kan náà. Ará abúlé kò sì lè jókòó de ọdún tí ètò bá bọ́ sí i.

Bí ọ̀nà ti fẹ̀ tó, àti bí ó ti pẹ́ tó

Ohun méjì ni àwọn ènìyàn máa ń pa pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ní ayélujára ń wọ́. Àkọ́kọ́ ni bí ọ̀nà ti fẹ̀ tó: iye ẹrù tó lè kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì ni ìdádúró: bí ó ti pẹ́ tó kí ẹrù àkọ́kọ́ tó dé. Ẹni tó ń pọn omi yóò tètè lóye rẹ̀. Páìpù tó fẹ̀ lè kún kete kíákíá, ṣùgbọ́n bí orísun rẹ̀ bá jìnnà, ènìyàn yóò dúró díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti ṣí ẹnu rẹ̀ kí omi tó yọ. Páìpù tóóró tó wà nítòsí yóò yọ omi lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kete yóò pẹ́ kó tó kún.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún èdè Yorùbá ju bí ó ti hàn lọ, nítorí ìkíni. Yorùbá kì í kí ènìyàn lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́. Ọmọ á ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Ìyá àgbà á ní, "Káàárọ̀, ọkọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?" "A dúpẹ́, mà." "Màmá rẹ ńkọ́?" "Wọ́n wà, mà." Ọ̀rọ̀ kan ń gun ọ̀rọ̀ kejì lẹ́yìn bí ẹsẹ̀ oníjó, inú ìsáré yẹn gan-an ni ọmọ sì ti ń kọ́ ìgbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó yẹ kó dúró de àgbà. Bí ìdádúró bá tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, ọmọ á rò pé ìyá àgbà ti parí, á sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ méjèèjì á kọlu ara wọn, àwọn méjèèjì á dákẹ́, wọ́n á tún jọ bẹ̀rẹ̀. Àgbà tí kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ló fà á lè rò pé ọmọ ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ òun lẹ́nu.

Irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ ni sátẹ́láìtì àtijọ́ ń fà. Òkè ayé ni ó wà, níbi tó fi nǹkan bíi 36,000 kìlómítà jìnnà sí ilẹ̀. Ìbéèrè yóò gòkè yóò sọ̀kalẹ̀, èsì yóò gòkè yóò sọ̀kalẹ̀, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá á sì ti lọ. Àwọn sátẹ́láìtì Starlink, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní 2023, kò ga ju nǹkan bíi 550 kìlómítà lọ, nítorí náà ni wọn kò fi ní àléébù yìí. Owó ẹ̀rọ àti owó oṣù rẹ̀ ni ẹrù tó wúwo lórí àgbẹ̀ kan.

Ẹrù kékeré, ọ̀rọ̀ ńlá

Kí ìwé kíkọ tó dé, àwọn baba ńlá Yorùbá ti ń fi ohun kékeré rán ọ̀rọ̀ ńlá. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín pọ̀ ní àrokò túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tó rán an fà mọ́ ẹni tí a rán an sí, nítorí ẹ̀fà àti fífà jọ ní ohùn kan nínú. Ẹyọ mẹ́jọ ń sọ pé àwọn méjèèjì jọra. Oníṣẹ́ lè fi ẹsẹ̀ rìn ọjọ́ mẹ́ta kó tó dé, kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ohun tí ó gbé kò pọ̀, ẹni tí ó gbà á sì ti mọ bí a ṣe ń kà á.

Nígbà tí okùn tẹligíráàmù so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù ní 1886, ọgbọ́n kan náà ni ó padà wá ní aṣọ mìíràn. Iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ka owó, nítorí náà àwọn oníṣòwò kọ́ láti dín gbólóhùn kù. Deptford kò jìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Enderby Wharf, ní Greenwich tó wà nítòsí rẹ̀, ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú okùn abẹ́ òkun ayé ìgbà náà. Millwall tó kọjú sí Deptford lódì kejì odò Thames sì ni wọ́n ti ti Great Eastern bọ́ sómi ní 1858, ọkọ̀ tó wá tẹ́ okùn la òkun Àtìláńtíìkì já ní 1866.

Ẹni tó bá wà ní ìdí ayélujára tó ń wọ́ lónìí ní láti padà ronú bẹ́ẹ̀: kí ni ohun tó kéré jù tó lè gbé ọ̀rọ̀ yìí dé láìdín in kù? Fún ẹ̀kọ́ èdè, ohùn ni ìdáhùn. Ìpè aláwòrán tó mọ́ dáadáa lè gba mẹ́gábíìtì kan àti ààbọ̀ láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohùn nìkan, bí a bá fi ọ̀nà Opus tí WhatsApp ń lò dì í, lè lọ pẹ̀lú kílóbíìtì 16. Èyí fi hàn pé àwòrán wúwo ju ohùn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 90. Lórí EDGE tó ń gba kílóbíìtì 100, ohùn ìṣẹ́jú kan yóò dé láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Fídíò ìṣẹ́jú kan yóò gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí iná òpó kò bá kú lágbede méjì. (Kí ẹni tó ń ra dátà rántí pé báìtì kan jẹ́ bíìtì mẹ́jọ: ìyára ni wọ́n máa ń fi bíìtì kà, ọjà ni wọ́n máa ń fi báìtì tà.)

Ohùn yìí kò ná ọmọ ní ohun tó wá kọ́. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ dá lórí bí ohùn ènìyàn ti ga tó tàbí ti rẹlẹ̀ tó, ìyẹn sì wà lára ohun tó rọrùn jù láti gbé pẹ̀lú dátà kékeré. Ohun tó ń ba Yorùbá jẹ́ lórí ìpè tó ń já ni ègé ọ̀rọ̀ tó sọnù lójú ọ̀nà: bí sílébù kan bá bọ́, "ọkọ̀" lè di ohun tí ọmọ kò mọ̀ rárá. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ tí a fi ránṣẹ́ yàtọ̀. Ó lè pẹ́, ṣùgbọ́n odidi ni yóò dé. Ọmọ tún lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, èyí tí kò sí ìyá àgbà tí yóò fara dà á lórí ìpè.

Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, tí kò nílò dátà rárá, ní ẹ̀gún kan tí Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba lẹ́tà 160, bí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ bá wà lára èyí tí àwọn tó ṣe GSM yàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà à, è, é, ì, ò àti ù wà níbẹ̀, nítorí àwọn èdè Yúróòpù kan ń lò wọ́n. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀. Á, í, ó àti ú kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọ̀kan péré nínú wọn bá wọlé, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà yóò bọ́ sí ọ̀nà mìíràn tí kò gba ju lẹ́tà 70 lọ, àmì ohùn orí ẹ tàbí ọ yóò sì tún gba ààyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó kọ Yorùbá rẹ̀ dáadáa ni yóò san owó méjì. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó fi àmì sílẹ̀ ni ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ọmọ Deptford tó gba "oko" láìlámì kò ní mọ̀ bóyá oko, ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀ ni. Ohùn ni ó sàn jù fún un.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo abúlé máa ń wà lórí òpó kan náà. Òru jíjìn àti ìdájí ni ọ̀nà máa ń ṣófo. Láti òpin oṣù kẹta dé òpin oṣù kẹwàá, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Nàìjíríà dọ́gba. Ní ìgbà òtútù, Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú. Ìyá àgbà lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú fóònù lálẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, kí ọmọ ọmọ kan tó wà nílé fi ránṣẹ́ ní aago márùn-ún ìdájí. Nígbà tí ọmọ Deptford bá jí láti lọ sí ilé-ìwé, ẹ̀kọ́ ti ń dúró dè é. Kí wọ́n pa ohun tó ń jẹ dátà lábẹ́lẹ̀ lórí fóònù abúlé: fídíò tó ń wọlé fúnra rẹ̀ láti inú àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp, àti ohun èlò tó ń tún ara rẹ̀ ṣe láìgbàṣẹ. Níbi tí 4G bá ń wá tó ń lọ, fóònù tí a dè mọ́ 3G tàbí 2G nìkan máa ń ṣe déédéé ju èyí tó ń lé 4G kiri, kì í sì í tètè jẹ bátìrì tán.

Ohun tí àwọn ará Deptford dán wò

Ní nǹkan bí ọdún 2000, Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí abúlé ní ti ayélujára. Orí okùn bàbà tẹlifóònù ni ọ̀pọ̀ onílé wà, ADSL ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú, okùn àdáni tó yára sì wọ́n kọjá agbára ẹnì kọ̀ọ̀kan. Okùn bàbà tún ní àìsàn kan: bí ilé bá ti jìnnà sí ibùdó tẹlifóònù tó, bẹ́ẹ̀ ni ìyára rẹ̀ ń dín kù. James Stevens, tó ti wà nídìí ibùdó Backspace ní Clink Street, nítòsí London Bridge, àti Julian Priest gbé èrò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Consume. Kí ẹni tó ní okùn tó dára gbé wáì-fáì sórí òrùlé. Kí aládùúgbò gbé tirẹ̀ sórí òrùlé tirẹ̀. Kí ọ̀nà náà máa ti orí ilé kan dé òmíràn. Lẹ́yìn náà ni Stevens àti ẹgbẹ́ SPC bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ ní Deptford àti Greenwich.

Consume kò gba gbogbo Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ADSL di pọ́ọ́kú, onílé kọ̀ọ̀kan ra tirẹ̀, ẹni tó ní kànga lẹ́yìnkùlé kì í sì í lọ sódò mọ́. Ṣùgbọ́n èrò náà rìn jìnnà. Ìpàdé tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ṣe pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Berlin ní 2002 wà lára ohun tó bí Freifunk ní Jámánì. Irú èrò kan náà ni Guifi.net fi bẹ̀rẹ̀ ní 2004 ní Osona, ìgbèríko kan ní Catalonia, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá kò fẹ́ gbé okùn dé. Láàrin àwọn oko ni ó ti dàgbà, kì í ṣe ní ìlú ńlá, ó sì jọ pé ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ ẹ́ jù. Ní Nàìjíríà, Fantsuam Foundation dá Zittnet sílẹ̀ ní Kafanchan, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ó gba ayélujára láti ọ̀run, ó sì fi wáì-fáì pín in fún àdúgbò.

Ọ̀ràn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí Yorùbá yóò tètè dá mọ̀. Ní àwọn abúlé Lancashire, láti 2011, àwọn ará ibẹ̀ dá B4RN sílẹ̀ nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí iléeṣẹ́ tó ń bọ̀. Àwọn onílẹ̀ gbà kí okùn kọjá lórí ilẹ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn aládùúgbò fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ kòtò, wọ́n sì tẹ́ okùn onígíláàsì dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ọ̀wẹ̀ ni èyí, ọ̀rọ̀ mìíràn kò sí fún un. Ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀ lónìí yóò bẹ àwọn mìíràn lọ́la. Ohun tó mú kó ṣeé ṣe jù ni pé wọn kò san owó ilẹ̀. Ní Nàìjíríà, owó tí àwọn ìpínlẹ̀ ń gbà kí okùn tó kọjá ti pẹ́ tó jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó ń dá okùn dúró lẹ́nu ìlú. Ní 2020, àwọn gómìnà gbà láti fi í mọ sí ₦145 lórí mítà kan. Àní ní iye yẹn, ọgọ́ta kìlómítà yóò ná ₦8,700,000 kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ṣọ́bìrì.

Ìdánwò kejì tí Deptford ṣe súnmọ́ ọ̀rọ̀ abúlé jù. Láti 2016 sí 2018, agbègbè Deptford Creek, níbi tí odò Ravensbourne ti ń wọ Thames, tí àwọn kan sì ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi, jẹ́ ọ̀kan nínú ibi mẹ́rin tí iṣẹ́ MAZI ti wáyé pẹ̀lú owó Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. SPC àti Open University ló mójú tó ti Deptford, Creeknet ni wọ́n sì pè é. Ohun tí wọ́n gbé jáde kò ju àpótí kékeré kan lọ: Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà tó gba inú àtẹ́lẹwọ́, tó ń gbé wáì-fáì tirẹ̀ jáde láìní ayélujára lẹ́yìn rárá. Ẹni tó bá wà nítòsí lè so fóònù rẹ̀ mọ́ ọn, kó ka ohun tí aládùúgbò kọ, kó fi àwòrán tàbí ohùn sí i. Ìbéèrè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé, kí nìdí tí ọ̀rọ̀ láti ilé kan sí èkejì fi ní láti lọ sí ilẹ̀ òkèèrè kó tó padà wá?

Ní Deptford, ìbéèrè ìlànà ni èyí. Ní abúlé Òkè-Ògùn, ìbéèrè owó ni. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ lè jókòó sí ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ààfin baálẹ̀ pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì oòrùn kékeré kan. Kiwix, ètò tó ti wà láti 2007, ń jẹ́ kí a kó odidi Wikipedia sínú irú àpótí yìí, tó fi mọ́ ti Yorùbá, kí a máa kà á láìsí ayélujára. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọn yóò gbé e wọlé ní ìlú tí nẹ́tíwọọkì wà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn lè mú àtúnṣe rẹ̀ wá lórí káàdì nínú àpò. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́ láìsí ẹni tó kọ́ wọn: ẹnì kan yóò gba fíìmù kan wọlé ní ìlú, yóò sì fi Bluetooth tàbí Xender pín in fún ogún ènìyàn.

Níbi tí agbára bá wà fún sátẹ́láìtì, àjọ tàbí èésú ni ó yẹ kó rà á, kì í ṣe ẹnì kan. Àwọn ọmọ abúlé tó wà ní Peckham àti Deptford máa ń dá owó fún òrùlé ilé-ìwé tàbí kànga ẹlẹ́rọ. A lè fi àwo sátẹ́láìtì kún un. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ará ilé kí wọ́n tó rà á: ta ni yóò máa san owó oṣù, ibo ni kọ́kọ́rọ́ yóò wà, ta ni yóò gun òrùlé nígbà tí ìjì bá yí ojú rẹ̀ sódì?

Ibi tí ohùn yóò sùn

Ohùn tí a fi ránṣẹ́ kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ ìpè. Ìkíni tó ń gun ara rẹ̀ lẹ́yìn kò sí nínú rẹ̀. Ìyá àgbà kò rí ojú ọmọ nígbà tó bá ń ki oríkì rẹ̀, kò sì mọ ibi tí ara ọmọ ti gbọ̀n. Ó yẹ kí ìpè tààrà wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ohùn nìkan láìsí àwòrán, ní ọjọ́ tí ẹnì kan bá gbé ìyá àgbà lọ sí ìlú tàbí sí orí òkè tí òpó ti hàn. Kí wọ́n tọ́jú ọjọ́ náà fún ìkíni, kí ẹ̀kọ́ yòókù máa gba ọ̀nà jẹ́jẹ́ lọ.

Ní ìdàkejì, ìpè kì í fi ohunkóhun sílẹ̀ lẹ́yìn. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ń dúró, bí a bá tọ́jú rẹ̀. Púpọ̀ nínú irú ohùn bẹ́ẹ̀ ló ń kú pẹ̀lú fóònù tó bọ́ sómi tàbí tí olè gbé. Kí ìdílé béèrè àṣẹ lọ́wọ́ àgbà kí wọ́n tó tọ́jú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tàbí kí wọ́n tó fún olùkọ́ tàbí ẹlòmíràn, nítorí oríkì àti ìtàn ìdílé kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, abúlé rẹ̀, ọjọ́ tó sọ ọ́ àti ohun tó sọ nípa rẹ̀ sí orí fáìlì kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ̀dà kan wà nínú àpótí abúlé, kí èkejì wà ní Deptford. Ní kílóbíìtì 16, wákàtí kan ọ̀rọ̀ kò ju mẹ́gábáìtì 7 àti díẹ̀ lọ. Káàdì gígábáìtì 32 tí kò tóbi ju èékánná lọ yóò gba ju 4,000 wákàtí lọ, kó tó kún.